Bíìlì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́: kó bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán, tàbí kó yarí. Rodiat Sàlàkọ́ yarí.

Rẹ́wáyà ni Rodiat. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà, òun ló ń fa wáyà sínú ògiri. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é máa ń fi ṣòkòtò tó ń wọ̀ sábẹ́ híjáàbù ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Ìyàwó NẸ́PÀ ti dé. Kò pẹ́ tí àwọn kan náà fi ń pè é lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá àwọn wo ibi tí iná ò ti dé. Ilé tó ti fa wáyà sí láti Ìmọ̀wò títí dé Odogbolu ò kéré, kò sì sí èyí tó jóná nínú wọn.

Nígbà tí Alhaja Àsíátù, aláṣọ tí gbogbo Òkè-Àje mọ̀, fẹ́ kọ́ gbọ̀ngán onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì sínú ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó dá sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan tó ń jẹ́ Ìdúróṣinṣin ló gba iṣẹ́ náà. Ẹnjiníà Adébóyè ló ni ín. Ó pe Rodiat pé kó wá ṣe iná ìsàlẹ̀. Rodiat ṣe é, ó fi bíìlì ránṣẹ́, wọ́n san án, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ó béèrè iṣẹ́ òkè náà o. Ẹnjiníà dá a lóhùn pé, "Ìyẹn ti ní ẹni tó máa ṣe é." Rodiat ò bá a jiyàn. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń yan ẹni tó máa ṣe é.

Ọdún ò tíì yí po tí òkè náà fi gbiná. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló kọ́kọ́ ń rú èéfín, kí olùkọ́ wọn tó pariwo, kọ́tìnnì ti gbà á. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹ̀mí kankan ò bọ́. Àmọ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Fatihah sá padà wọlé lọ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣubú, iná sì bó o lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja pe àwọn òbí jọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Rodiat náà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ kó wá wo ohun tó bàjẹ́ ni, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni Ẹnjiníà Adébóyè nawọ́ sí i lójú gbogbo èrò.

"Obìnrin tó ṣe iná ilé náà ló ń bọ̀ yẹn. Ìsàlẹ̀ àti òkè. Bíìlì rẹ̀ wà lọ́fíìsì mi."

"Ẹnjiníà, ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ṣe. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bíìlì kì í purọ́, Madam."

Sàdíátù, ìyá Fatihah, dìde láàárín èrò.  Ó kàn ń wo Rodiat, ìwò náà sì wọ Rodiat lára ju èébú lọ. Àwọn òbí ń kùn. Alhaja Àsíátù tó jókòó lórí àga níwájú kò jẹ́ kí Rodiat tún la ẹnu.

"Jáde kúrò nínú ọgbà mi. N kò fẹ́ rí ẹ níbí mọ́."

"Èmi kọ́ o, Alhaja," ni Rodiat wí, kò sì wí i ní ohùn kékeré. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba àárín wọn kọjá. Ẹnì kan pòṣé. Kò wẹ̀yìn.

Ìròyìn kì í gun kẹ̀kẹ́ kó tó dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tó ti bá Rodiat ṣàdéhùn iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ọkọ rẹ̀, Abdulrauf, tó ń rán ìbòrí àga, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló fi sọ tirẹ̀.

"Ìyá Zayd, lọ bẹ Alhaja. Ẹ̀bẹ̀ la kúkú ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

"Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí? Pé kó má bínú pé èmi kọ́?"

"Ẹnjiníà lówó, ó lẹ́nu."

"Èmi náà lẹ́nu. Owó nìkan ni n kò ní."

Abdulrauf rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó mọ ẹni tó fẹ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ń bọ́ kọ́ ló ń jẹ Rodiat lọ́kàn jù, ọmọ yẹn ni. Ó ra ọsàn, ó lọ sí ọsibítù. Sàdíátù pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó fi ara dí i.

"Gbé ọsàn ẹ padà."

"Màmá Fatihah, mo wá kí ọmọ ni. N kò wá bẹ̀bẹ̀, torí n kò ṣẹ̀ yín. Ẹni tó ṣẹ̀ yín, mo máa wá a rí."

Sàdíátù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Rodiat fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsàn náà. Ibẹ̀ ló gbà lọ tààrà sí ọ́fíìsì Ìdúróṣinṣin ní Fọ́lágbádé.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bíìlì níbẹ̀. Sọ́fítíwíà kan ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, bí ẹní kó aṣọ sínú àpótí. Nígbà tí iṣẹ́ gbọ̀ngán Alhaja ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣí ojú ọ̀nà kan sára àpótí náà fún AI, irú èyí tí wọ́n ń pè ní éjẹ́ǹtì. Àwọn bíríkìlà fi ṣẹ̀fẹ̀ títí: ṣé bíi éjẹ́ǹtì ilé ni, ṣé yóò gba kọmíṣọ̀n? Kò gba kọmíṣọ̀n. Ìwọ á sọ̀rọ̀ sí fóònù rẹ, éjẹ́ǹtì á gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé, á lọ mú bíìlì tó o béèrè wá, á sì kà á fún ọ. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ onírin. Àpapọ̀ nọ́ńbà àti lẹ́tà gbọọrọ kan ni, tí wọ́n bá ọ tẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ rẹ́wáyà ń ṣí bíìlì tó ní orúkọ rẹ́wáyà. Kọ́kọ́rọ́ ẹni tó ni ilé ń ṣí gbogbo bíìlì ilé rẹ̀.

George ni akọ̀wé tó ń tọ́jú àwọn bíìlì náà. Ó rí Rodiat, ojú rẹ̀ ṣú.

"Mísítà George, ẹ fi bíìlì òkè tí wọ́n ní mo kọ hàn mí."

"Ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. Ẹ padà wá."

Rodiat jókòó. Ó yọ fóònù rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sanwó ìsàlẹ̀ fún un, kò tún bá éjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé e sí ẹnu.

"Kó gbogbo bíìlì tó ní orúkọ mi lórí gbọ̀ngán Alhaja Àsíátù wá."

Ohùn náà dáhùn láìpẹ́. "Bíìlì méjì ló wà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti wáyà ìsàlẹ̀. Èkejì jẹ́ ti wáyà òkè. Àkọsílẹ̀ ní wọ́n ti san méjèèjì."

 Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé irọ́ lásán ni Ẹnjiníà ń pa, pé kò sí bíìlì kankan níbì kan. Ó wà. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ta ló fi ti òkè ránṣẹ́? Ìgbà wo?"

"Àkọsílẹ̀ ìyẹn wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yín kò ṣí i. Ilé-iṣẹ́ tàbí ẹni tó ni ilé ló lè béèrè rẹ̀."

George ti dìde. Ẹ́síì ń fẹ́ lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń làágùn.

"Madam, ẹ pa nǹkan yẹn."

"Kí ló dé? Ojú ọ̀nà tí ẹ ṣí fún wa náà ni mo gbà. N kò fọ́ ilẹ̀kùn."

"Mo ní kẹ́ ẹ pa á!"

Kò pa á. George yí sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Fóònù Rodiat sọ pé kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Rodiat wo ọkùnrin náà títí ó fi gbójú sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, Mísítà George. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n wá. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí."

Ó gun ọ̀kadà lọ sílé Alhaja. Wọ́n ń kírun Alásárì lọ́wọ́ nígbà tó dé. Òun náà ṣe àlùwàlá, ó kírun lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó sì dúró sí ẹnu géètì. Nígbà tí Alhaja jáde tó rí i, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ! Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ẹ́?"

"Ó bà mí, Alhaja. Mo wá náà ni."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, n kò gbà."

"N kò wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ bíìlì ilé yín lórí fóònù yín. Ẹ fi ẹnu ara yín béèrè ta ló fi bíìlì òkè ránṣẹ́. Bó bá pe orúkọ mi, ẹ pe ọlọ́pàá. Màá jókòó síbí dè wọ́n."

Ẹni tó ti ta aṣọ dàgbà mọ ojú ẹni tó ń nájà àti ojú ẹni tí kò ní dín nǹkan kan kù. Alhaja wò ó díẹ̀, ó yíjú, ó wọlé. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Rodiat tẹ̀ lé e.

Alhaja kì í ṣe ẹni tí fóònù ń bà lẹ́rù. Orí fóònù náà ló ti ń ra aṣọ láti ìlú òkèèrè. Ó gbé e, ó fi Ìjẹ̀bú kíkì béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ní kó jọ̀ọ́, òun ò gbọ́ yé. Alhaja pòṣé, ó tún un béèrè ní irú Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí rédíò.

"Bíìlì méjì ló ti wà fún wáyà òkè gbọ̀ngán náà," ni ohùn náà wí. "Àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ní orúkọ Habeeb Adéṣínà. Òun ni wọ́n sanwó fún. Wọ́n fagi lé bíìlì yẹn ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi èkejì rọ́pò rẹ̀, ní orúkọ Rodiat Sàlàkọ́. Kọ́kọ́rọ́ George ni wọ́n fi ṣe é."

Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí iná jó gan-an. Wọn ò tíì di apá Fatihah tán nígbà tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sí ìdí ọ̀ràn.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Alhaja bi fóònù náà bí ẹni tó ń bi ènìyàn.

"N kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ni mo lè sọ."

"Èmi mọ ìdí rẹ̀," ni Alhaja wí. Àbúrò ìyàwó Ẹnjiníà ni Habeeb. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò parí iṣẹ́ tó kọ́.

"Alhaja, ẹ ní kó kó gbogbo rẹ̀ sórí fóònù yín nísinsìnyí," ni Rodiat wí. "Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Tiyín ló kàn."

Alhaja ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é tán ni mọ́tò Ẹnjiníà Adébóyè fọn fèrè ní géètì. George ti pè é. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Alhaja, àṣìṣe akọ̀wé mi ni. Mo ti bá a wí." Ó dìde, ó kọjú sí Rodiat, ó fi ẹ̀rín sí i. "Ìyá Zayd, ẹ má jẹ́ ká bínú. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí mo fẹ́ kọ́ ní Ijagun, ẹ̀yin lẹ máa fa gbogbo wáyà rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi dí mi lẹ́nu, Ẹnjiníà, ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹnu mi ò ní dí."

Ó ya Rodiat lẹ́nu nígbà tí Alhaja gbé ọwọ́ sókè.

"Rodiat, ó tó. Mo ti mọ̀ pé ìwọ kọ́. A ó parí rẹ̀ nínú ilé. Bí a bá tún gbé e síta, àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ. Ilé-ìwé ni kí o rò."

"Kò tó, Alhaja."

 Kò sí ẹni tó ń bá Alhaja Àsíátù sọ̀rọ̀ báyẹn, kódà àwọn ọmọ rẹ̀. 

"Ẹ bí mi lọ́mọ, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo òbí lẹ ti lé mi bí ajá, inú yàrá lẹ wá fẹ́ ti dá mi láre? Ìyá ọmọ yẹn ń bínú sí ẹni tí kì í ṣe. Ẹni tó yẹ kó bínú sí ló dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yín yìí. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ níbi tí ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, èmi á máa sọ ọ́ láti ilé òbí kan sí èkejì."

"Ṣé èmi lò ń halẹ̀ mọ́?"

"N kò halẹ̀, Alhaja. Ibi tí mo ń lọ ni mo ń dágbére fún yín."

Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀, ó sì jáde.

Ọ̀dọ̀ Sàdíátù ló kọ́kọ́ lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró níbi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Sàdíátù gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Ẹ lọ bi Alhaja. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà."

Sàdíátù fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun wo ọmọ, ó sì lọ. Ohun tí òun àti Alhaja bára wọn sọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní. Ohun tí a mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n tún pe gbogbo òbí jọ.

Ẹnjiníà Adébóyè wá. Ó jókòó síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Alhaja dìde, ó gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kó sọ ẹni tó ṣe iná òkè fún àwọn òbí. Éjẹ́ǹtì dáhùn pé wọ́n ti ti ojú ọ̀nà náà, kó kàn sí ilé-iṣẹ́ Ìdúróṣinṣin.

"À ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni, Alhaja," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rodiat dúró lẹ́yìn, ó ń wo Alhaja.

Alhaja ò bínú. Ó nawọ́ sí àpò rẹ̀, ó yọ ìwé tó ti tẹ̀ jáde. "Adébóyè, mo ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí ẹ. N kì í jẹ́ kí ọjà kúrò níwájú mi láìgé àpẹẹrẹ rẹ̀ pamọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: bíìlì Habeeb, ọjọ́ tí wọ́n fagi lé e, bíìlì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣe é. Kò yára kà á. Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ibí yìí ni mo ti lé Rodiat Sàlàkọ́ jáde. Mo ṣì í. Rodiat, má bínú."

Ẹnjiníà fò dìde. "Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe o!"

Sàdíátù ló dá a lóhùn láti ìjókòó rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní bíìlì kì í purọ́?"

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ta nǹkan ní òdìkejì títì gbọ́ ọ.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára tán. Habeeb sá lọ sí Èkó, àwọn ẹbí rẹ̀ ló gba ìtọ́jú Fatihah rù. Ọ̀ràn Alhaja àti Ìdúróṣinṣin ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà. Àwọn akọ́lé mìíràn nínú ìlú ń sọ láàárín ara wọn pé kí wọ́n má gbé iṣẹ́ fún obìnrin oníwàhálà yẹn. Ẹnjiníà gan-an dúró dè é níbi tó gbé mọ́tò sí lọ́jọ́ Jímọ̀ náà.

"O ò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú."

"Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti bàbá yín nìkan, Ẹnjiníà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá tèmi náà sí."

Nígbà tó ṣe, Alhaja ní kó wá fa wáyà òkè náà ní tuntun. Rodiat ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ Alhaja ni bíìlì òun á máa bọ́ sí tààrà, kò gbọdọ̀ gba ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni kọjá. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri títí gbogbo òbí tó bá fẹ́ wò ó á fi wò ó tán.

"Ẹnu rẹ mú o," ni Alhaja wí.

"Ó mú, Alhaja. Ọwọ́ mi náà mú."

Ọ̀pọ̀ òbí ló wá láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fatihah wà láàárín wọn, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀, ìyá rẹ̀ dì í mú. Rodiat ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé òòlù àti ṣíísẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri dúdú náà lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó. Símẹ́ńtì ń já lulẹ̀, eruku bo gbogbo wọn lójú. Nígbà tó kan wáyà náà, ó dì í mú, ó fà á jáde tìpátìpá títí ó fi já sí i lọ́wọ́. Ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kò tó wáyà tó lè gbé iná sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó nà án síwájú kí olúkúlùkù wọn fọwọ́ kàn án, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gun àkàbà, ó wá èyí tó kàn lọ.